Aró tí Ìbílọlá Dà sí Kòtò

"Bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani." Ta ni kò gbọ́ ọ rí nínú wa? A máa ń sọ ọ́ nígbà tí ọ̀rẹ́ bá dalẹ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi bú ọmọ ìyá wọn. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ibi tí gbòǹgbò rẹ̀ wà? Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni n ó ṣe sọ ọ́ fún yín. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn, kó jẹ́ kí n parí tèmi ná. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ orogún. Ọ̀rọ̀ omi ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìbílọlá aláró ṣí ìkòkò mẹ́ta tó tóbi jù lọ nínú ìkòkò aró rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu aró sínú agbè. Abà Ìdí-Ahùn ni obìnrin yìí ń gbé. Lọ́jọ́ náà, kò sí aṣọ kankan lọ́wọ́ rẹ̀ tó fẹ́ rẹ. Ọ̀nà tí omi ń gbà lábẹ́ ilẹ̀ ló fẹ́ fi aró náà wá.

Ìsun Ọ̀tẹ̀rẹ́ ni gbogbo Ìdí-Ahùn ń mu. Ó ń sun jáde lẹ́nu àpáta kan ní ìsàlẹ̀ òkè, ó tutù, ó sì mọ́ débi pé ènìyàn lè ka òkúta wẹ́wẹ́ funfun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan ti dé bá omi náà láti bí oṣù mẹ́ta. Àwọn ẹja kéékèèké inú rẹ̀ léfòó, wọ́n dojú ikùn sókè. Ewúrẹ́ mẹ́sàn-án mu níbẹ̀, wọn kò padà délé. Àwọn ọmọdé ń bì, òòyì ń kọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni Àṣàkẹ́, ọmọ ọdún márùn-ún tí Ọdẹ́wálé bí, mu ẹ̀kún igbá omi kan nígbà tó ti oko dé. Oòrùn kò tíì wọ̀ tí ọmọ náà fi kú.

Ọdẹ́wálé ni olórí àwọn ọ̀dọ́ abà. Alágbára ni, àfínjú sì ni. Kì í rí ìdọ̀tí kó má gbá a. Lẹ́yìn tó sin ọmọ rẹ̀ tán, ó gbójú sókè, ó wo abà Òkè-Àgbọn tó wà lórí wọn. Epo pupa ni àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe. Wọ́n ní ẹkù ńlá kan tí wọ́n ti ń tẹ ẹyìn, omi dúdú tó ń ti ibi ẹkù náà jáde sì ń dà sínú kòtò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ta ni yóò tún máa wá ẹlẹ́bi kiri? Gbogbo Ìdí-Ahùn fẹnu kò pé ní ọjọ́ kẹta, àwọn yóò gòkè lọ fọ́ ẹkù náà, àwọn yóò sì tiná bọ abà wọn.

Mọnísọ́lá nìkan ni ọmọ tí Ìbílọlá bí. Òkè-Àgbọn ló ti lọ́kọ, ó sì wà nínú oyún oṣù mẹ́jọ.

Ìdí nìyí tí ìyá náà fi lọ bá Baálẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Baba, ọjọ́ méjì péré ni mo ń tọrọ. Bí omi ẹkù wọn bá ń wọ inú ìsun wa, aró mi yóò bá a wọlé. Ojú gbogbo wa ni yóò ṣe."

Ọdẹ́wálé wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ìyá aláró, aṣọ ni wọ́n ń rẹ, wọn kì í rẹ odò."

"Ọkọ mi," ni Ìbílọlá wí, "ẹni tó fẹ́ sun ilé mọ́ ọmọ mi lórí, ó yẹ kó lè fara balẹ̀ wo omi fún ọjọ́ méjì."

Baálẹ̀ ní kí ó lọ gbìyànjú.

Ẹni tí kò bá rẹ aṣọ rí lè rò pé dúdú ni aró inú ìkòkò. Rárá o. Ewé ẹ̀lú tó ti kẹ̀ dáadáa nínú omi eérú, bí omi ẹ̀fọ́ ló ń rí. Ìgbà tí a bá fa aṣọ jáde tí atẹ́gùn fẹ́ sí i ló ń yí padà lójú ẹni, tí ó ń di àwọ̀ aró gan-an. Nítorí náà ni Ìbílọlá fi kìlọ̀ fún àwọn tí yóò máa ṣọ́ ìsun: "Ẹ má retí dúdú lẹ́nu àpáta. Ẹ máa bu omi sínú igbá tí a fá funfun, kí ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó dà á nù." Ìyá Àṣàkẹ́, aya Ọdẹ́wálé, ló gba igbá náà. Ó ní òun fẹ́ fi ojú òun rí ohun tó pa ọmọ òun.

Ìbílọlá gbéra lọ sí Òkè-Àgbọn pẹ̀lú agbè mẹ́fà, méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ Ọdẹ́wálé sì tẹ̀ lé e láti ṣe ẹlẹ́rìí. Adégbìtẹ́, arúgbó tó jẹ́ Baálẹ̀ ibẹ̀, gbọ́ ohun tó bá wá, ó sì ní, "Ẹ dà á. Bó bá jáde lọ́dọ̀ yín, àwa fúnra wa ni a ó fọ́ ẹkù náà." Wọ́n da agbè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú kòtò ẹkù, wọ́n sì padà sílé.

Ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú, kò sí nǹkan. Ilẹ̀ kejì mọ́, oòrùn dé àtàrí, omi Ọ̀tẹ̀rẹ́ ṣì mọ́ gaara nínú igbá funfun. Inú bí Ọdẹ́wálé.

"Aró ẹ̀tàn nìyí! Kò sí aró tó lè rìn lábẹ́ ilẹ̀ kó tún jáde. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni mo ń pa, ẹ da ìyókù sínú kòtò ẹ̀gẹ́ tiwa níhìn-ín. Gbogbo wa la mọ̀ pé ilẹ̀ ń mu omi ibẹ̀ tán. Bí aró bá jáde láti ibẹ̀, ẹ máa pè mí ní ewúrẹ́!"

"Ẹ wá okùn sílẹ̀ o," obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn, "a ó so ẹnì kan mọ́gi lónìí!" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

Ó yẹ kí n sọ nípa kòtò yìí. Níbi tí àwọn obìnrin Ìdí-Ahùn ti ń fún gàrí, omi ẹ̀gẹ́ máa ń ṣàn káàkiri ilẹ̀, ó ń rùn, eṣinṣin ń bò ó. Ọdẹ́wálé kò lè fara da òórùn náà. Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, wọ́n gbẹ́ kòtò tó jìn tó ìdúró ènìyàn méjì. Nígbà tí wọ́n kan òkúta wẹ́wẹ́ funfun nísàlẹ̀, wọ́n hó yèè, nítorí pé gbogbo omi tí wọ́n bá dà síbẹ̀ ni òkúta náà ń gbé mì kíá. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ẹnu kòtò, òórùn tán, àwọn obìnrin jó yí Ọdẹ́wálé ká. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni ẹja kọ́kọ́ léfòó. Kò sí ẹni tó ka oṣù náà mọ́ oṣù kòtò.

Ìbílọlá da aró sínú kòtò. Àwọn ọkùnrin jókòó, wọ́n ń pọ́n àdá fún ìjà ọjọ́ kẹta, wọ́n sì ń fi orúkọ ewúrẹ́ dápàárá. Iṣu tí wọ́n sun kò tíì jinná tí Ìyá Àṣàkẹ́ fi gòkè bọ̀ láti ìsun. Kò sáré, kò ké. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá funfun náà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó dúró níwájú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Àṣàkẹ́, ẹ wò ó."

Omi inú igbá dà bí omi ẹ̀fọ́. Bí wọ́n ti ń wò ó, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, ó yí dé àárín, ó sì di aró.

Ẹnì kan ní bóyá wọ́n ta aró sínú igbá ni. Wọ́n sáré lọ sí ìsun. Láti ẹnu àpáta títí dé ibi tí odò ti yà, gbogbo rẹ̀ ti di aró. Ọdẹ́wálé ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fà á jáde, ó ń wo ìka rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni wọ́n. Ó jókòó sínú omi.

"Ọwọ́ yìí ni mo fi gbẹ́ ẹ," ó ní. "Ọwọ́ yìí náà ni mo fi sin ín."

Kò sí ẹni tó pè é ní ewúrẹ́. Gbogbo ohun tí Ìbílọlá fúnra rẹ̀ wá ni pé kí wọ́n má sun ilé ọmọ òun. Kò rò ó rí pé omi gàrí tòun pàápàá, èyí tí òun ń fún lọ́rọọrún, wà nínú ohun tó pa ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn obìnrin tó ti jó lójọ́sí ń wo ara wọn, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé òkúta wẹ́wẹ́ funfun inú kòtò àti ti ẹnu ìsun, ọ̀kan náà ni. Ilẹ̀ kò mu omi náà àti oró ẹ̀gẹ́ inú rẹ̀ rárá. Ọ̀nà ló là fún un.

Ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìjà, wọ́n gòkè lọ sí Òkè-Àgbọn lọ́wọ́ òfo. Ọdẹ́wálé ló dọ̀bálẹ̀ ṣáájú, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pa mọ́. Adégbìtẹ́ mi orí, ó ní, "Ẹ pọ́n àdá de àwa. Áà! Bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani." Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n dìde, nítorí pé iṣẹ́ wà.

Abà méjèèjì ló jọ ṣe é. Wọ́n gbọ́n kòtò náà gbẹ, wọ́n fi amọ̀ tí wọ́n gbé láti Òkè-Àgbọn dí i, wọ́n sì ń gún un mọ́lẹ̀ ní ìpele ìpele kó lè le bí ìkòkò. Ní ẹ̀yìn òkè, níbi tí omi kò ti lè padà wá sí ìsun, wọ́n ṣe àwo amọ̀ gbàràmù tí kò jìn, kí oòrùn máa fa omi ẹ̀gẹ́ gbẹ níbẹ̀. Ọdẹ́wálé ni wọ́n fi ṣe olùṣọ́ ìsun, òun àti aya rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀ lápá òkè ìsun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da aró síbẹ̀, kí gbogbo abà sì ṣọ́ omi fún ọjọ́ méjì. Òjò ńlá méje rọ̀ kí ẹja tó padà sínú Ọ̀tẹ̀rẹ́. Omi rẹ̀ ni wọ́n fi wẹ ọmọ tí Mọnísọ́lá bí.

Ibẹ̀ ni òwe náà ti wá. Bí ẹ bá ń gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, kì í ṣe ọ̀tá inú ilé nìkan ni wọ́n ń bá wí. Wọ́n ń pa á nígbà tí ìlú bá na ìka sí aládùúgbò kí wọ́n tó yẹ ilé ara wọn wò. Wọ́n sì ń pa á, ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, fún ẹni tí iṣẹ́ rere ọwọ́ rẹ̀ ti pa á lára láìmọ̀.