Ọrun Ọdẹ́rìndé

Láńtòrò alágbọ̀n ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn náà dé etí Ojúọlápé. Ọjọ́ ọjà ni. Ojúọlápé jókòó ti igbá òrí rẹ̀, ó ń lé eṣinṣin, nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí dé tòun ti agbọ̀n lórí. Kò tilẹ̀ tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi lanu.

"Ìyá Àtàndá, o jókòó síbí, o ń tajà. Ìmàdò ti wọ oko rẹ. Mo gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ yìí. Ebè tó hú ju ogún lọ."

"Ìmàdò kẹ̀? Ṣé kì í ṣe ewúrẹ́ àwọn ará Abà Orókè?"

"Ewúrẹ́ wo ló ń fi imú hú ebè? Bí o bá rò pé irọ́ ni, jókòó, kí o máa ta òrí rẹ."

Ojúọlápé de igbá rẹ̀. Gbogbo ọjà ló yíjú wò ó, nítorí obìnrin yìí kì í de igbá kí ọjà tó tú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í di méjì. Bí o bá bá a nájà títí oòrùn fi wọ̀, iye tó pè lákọ̀ọ́kọ́ náà ni wàá san. Ọdún mẹ́ta ni ọkọ rẹ̀, Ọdẹ́rìndé ọdẹ, ti kú, òun nìkan ló sì ń bọ́ ọmọ mẹ́rin. Òrí ló ń fi ra iyọ̀ àti aṣọ, isu ni wọ́n ń jẹ. Bí oko isu bá lọ, ebi ló kù. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn níbẹ̀.

Àbúrò ọkọ rẹ̀, Ọdẹ́tọ́lá, ló ké sí. Ọkùnrin náà tẹ́ẹ́rẹ́, kò sanra, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì ni Ojúọlápé ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé ní ìyàwó, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ọdẹ́tọ́lá gbẹ́ kòtò sí ojú ọ̀nà ẹranko náà, ó fi ewé bò ó. Ìmàdò yí kòtò náà po, ó wọlé lọ jẹun. Ọdẹ́tọ́lá lúgọ dè é, ó ta ọfà méjì lù ú. Ọfà méjèèjì já bọ́ lára rẹ̀ bí ẹni ju koríko.

"Ọrun mi yìí, ti ọ̀kẹ́rẹ́ ni," ni Ọdẹ́tọ́lá wí nígbà tó padà dé. "Awọ ẹranko yẹn nípọn bí ilẹ̀kùn. Ìyàwó wa, ọrun kan ṣoṣo ló kù nínú agboolé yìí tó lè gún un."

Kò nawọ́ sí i. Kò sì wò ó. Ṣùgbọ́n Ojúọlápé mọ èyí tó ń wí.

Lókè àjà ọ̀ọ̀dẹ̀ ni ọrun náà wà. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló fi ọmọ màlúù kan gbà á lọ́wọ́ agbẹ́gi kan nígbà èwe rẹ̀. Igi rẹ̀ dúdú, ó ń dán, awọ ère ni wọ́n fi wé ibi tí ọwọ́ ti ń dì í mú. Nígbà tó kan Ọdẹ́rìndé, ó tọ́jú rẹ̀ ju bó ṣe ń tọ́jú ara rẹ̀ lọ. Bó bá ti igbó dé, kó tó mu omi, yóò ti tú ọsán lára rẹ̀, awọ tín-ín-rín tí a fi ń fa ọrun, kí igi náà lè nà kó sinmi. Yóò wá ti ọwọ́ bọ igbá òrí ìyàwó rẹ̀, yóò fi pa ọsán náà títí yóò fi rọ̀.

"Olè ni ọ́ o," ni Ojúọlápé máa ń wí.

"Olè tó ń bọ́ ọ lẹ́ran," ni ọkọ rẹ̀ máa ń dá a lóhùn.

Bó bá sì pa ẹran, láti ojú ọ̀nà ni yóò ti máa fi ìka ta ọsán náà. Bí àwọn ọmọ bá gbọ́ ọ, wọn a sáré gbé omi kaná. Ojúọlápé náà a máa gbọ́ ọ, a sì máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, nítorí obìnrin tí inú rẹ̀ dùn jù, ọkọ a gbójú lé e.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ọdẹ́rìndé fi ọsán sí ọrun, ó ta kókó rẹ̀, ó ní òun yóò wọ igbó ní ìdájí. Ibà kò jẹ́ kó jí dìde. Ọjọ́ kẹta ló kú. Bí wọ́n ṣe sin ín tán, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ tú ọsán náà. Ojúọlápé dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Ọwọ́ rẹ̀ ló ta kókó yìí. Ẹ ò gbọdọ̀ tú u."

"Ìyàwó, ọrun kì í sùn tòun ti ọsán lára."

"Èyí á sùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni ín náà sùn, kò bi yín."

Bó ṣe di ohun ìrántí nìyẹn. Ní ọdọọdún, Ojúọlápé a gbé e sọ̀ kalẹ̀, a fi àdín nu igi rẹ̀ títí ojú yóò fi hàn nínú rẹ̀, a nu awọ ère náà. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ọsán, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ ọkọ rẹ̀ wà. Tó bá wù ú kó sunkún, abẹ́ ọrun náà ló ń jókòó sí. Àwọn àlejò ń wá wò ó. Olóyè kan tilẹ̀ ti ìlú wá, ó ní òun yóò fún un ní abo màlúù tòun ti ọmọ rẹ̀, kí òun lè gbé e kọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ òun.

"Èló ni ẹ óò ta ibojì bàbá yín?" ni Ojúọlápé bi í.

Olóyè náà kò tilẹ̀ dúró jẹun.

Nítorí náà, nígbà tí Ọdẹ́tọ́lá ń sọ̀rọ̀ ìmàdò, obìnrin yìí ti mọ ìdáhùn rẹ̀.

"Rárá, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹ wá ọrun mìíràn."

"Níbo? Ṣé orí igi ni ó ń so?"

"Mo ní rárá."

"Ìyàwó wa, òkú ló ta kókó yẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n òkú kì í jẹ isu. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́."

"Ẹ má fi ọmọ mi dẹ́rù bà mí. Èmi ni mo bí wọn."

Ọdẹ́tọ́lá dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Ó dáa. Jẹ́ kí ìmàdò bá ọ bọ́ wọn."

Lọ́jọ́ kẹta, Ojúọlápé dé oko, ó bá ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré tó ń ṣa isu tí ìmàdò jẹ kù. Òmíràn kò ju ìkúùkù lọ. Ọmọ náà ń fi ọ̀bẹ gé ibi tí itọ́ ẹranko wà kúrò, ó ń kó ìyókù sínú agbọ̀n, kò sunkún, kò sì bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun kan. Bó bá jẹ́ pé ó sunkún ni, bóyá Ojúọlápé ì bá bú u, kí ọ̀rọ̀ sì parí. Ó padà sílé. Ó da ojú odó dé, ó gun orí rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọrun náà sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e lọ bá Ọdẹ́tọ́lá.

"Ẹ gbà. Ṣùgbọ́n bó ṣe wà yìí ni ẹ óò lò ó. Ẹ kò gbọdọ̀ pààrọ̀ ọsán rẹ̀."

Ọdẹ́tọ́lá fi èékánná fa ojú ọsán náà. Ó gbẹ bí èèpo igi. Ó yẹ kí ó kọ̀, ọdẹ ni, ó mọ̀. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ó ti ń wo ọrun yìí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, lẹ́yìn náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí òun fà á rí. Ó gbà á bẹ́ẹ̀. Ojúọlápé bu òrí, ó pa á sí ọsán náà lára. Ọsán náà mu ún bí ara ọmọ ṣe ń mu òrí lọ́yẹ́, síbẹ̀ kò rọ̀. Ọdún mẹ́ta ni awọ náà fi gbẹ nínú èéfín ààrò. Òrí ọjọ́ kan kò lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ebè. Ọdẹ́tọ́lá ti ní kí ó jókòó sílé. Ojúọlápé ní ọrun òun kò ní lọ síbi tí òun kò sí. Kò pẹ́, koríko ń mì, ìmàdò náà jáde, ó tóbi bí àpótí ìyàwó, ó fi imú tẹ ebè bí ẹni pé òun ló kọ ọ́. Ọdẹ́tọ́lá dìde lórí orúnkún kan. Ó fi ọfà sí i, ó fà á. Igi náà ké díẹ̀. Ojúọlápé wo apá tó nà, èjìká tó ga, ó dà bí ẹni pé Ọdẹ́rìndé ló wà níbẹ̀. Ọdẹ́tọ́lá fà á dé etí.

Páá!

Ọsán já ní agbedeméjì. Ọfà já bọ́ sí ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ ta á, ọsán nà án lẹ́rẹ̀kẹ́. Ìmàdò gbórí sókè, kò sá, ó kọjú sí wọn, ó ya bọ̀. Kí Ọdẹ́tọ́lá tó dìde, eyín ẹranko náà ti wọ itan rẹ̀.

Ojúọlápé kò mọ ìgbà tó gbá ọrun náà mú. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e sókè, ó là á mọ́ imú ẹranko náà.

"Isu mi lo jẹ! Ọkọ mi kọ́!"

Ó nà án lẹ́ẹ̀kan, ó nà án lẹ́ẹ̀kejì, ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìmàdò náà han gooro, ó yí padà, ó wọ igbó lọ. Kò padà wá sí oko náà mọ́. Oko ẹ̀gẹ́ ará Abà Orókè ló lọ bá, ìyẹn sì di ìjà tiwọn.

Ojúọlápé tú gèlè rẹ̀, ó fi di itan Ọdẹ́tọ́lá. Ìgbà tó ṣe tán ló tó wo ọrun náà nílẹ̀. Kókó tí ọkọ rẹ̀ ta wà lórí rẹ̀ digbí. Kò tú. Ibòmíràn ló já.

"Èmi ni mo pa ọrun yìí," ni ó wí.

"Mo mọ̀ pé ọsán rẹ̀ ti gbẹ, mo sì fà á," ni Ọdẹ́tọ́lá dáhùn. "Àwa méjèèjì ni. Gbé mi nílẹ̀ jàre."

Oṣù mẹ́ta ni Ọdẹ́tọ́lá fi dùbúlẹ̀, isu tó kù lóko ni Ojúọlápé ń gún fún un àti fún àwọn ọmọ. Nígbà tó dìde, ẹsẹ̀ náà kò gbé e mọ́. Ó ní kí wọ́n bá òun gé igi tí òun yóò máa fi tilẹ̀. Ojúọlápé wọ inú ilé, ó mú ọrun náà jáde, ó fi lé e lọ́wọ́. Ọdẹ́tọ́lá wò ó títí.

"Ìyàwó wa, ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ẹ máa fi rìn. N kò ní fi ọsán ẹlòmíràn sí i, kò sì ní padà sókè àjà."

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, àwọn méjèèjì jọ ń lọ lọ́nà, ìgbésẹ̀ kan, ìdúró kan. Wọ́n pàdé àwọn ọdẹ tó ti bá Ọdẹ́rìndé rìn nígbà kan rí. Àwọn ọkùnrin náà dúró, wọ́n ń wo ohun tó wà lọ́wọ́ Ọdẹ́tọ́lá, ọ̀kan nínú wọn sì ṣí fìlà rẹ̀ láìmọ̀.

"Ṣé ọrun Ọdẹ́rìndé kọ́ nìyí?"

"Òun ni," ni Ojúọlápé wí.

"Ọrun tó pa ẹfọ̀n! Kí ló sọ ọ́ di ọ̀pá?"

Obìnrin náà kò wo ilẹ̀, kò sì wá àwáwí. "Ọsán já," ni ó wí, ó sì di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mú ní apá, wọ́n ń bá ọ̀nà wọn lọ.

Láti ẹnu àwọn ọdẹ wọ̀nyẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti tàn kálẹ̀, tó fi jẹ́ pé títí dòní, bí ohun tó gbé ènìyàn tàbí nǹkan ró bá ti lọ, tí ìyókù kò sì ju igi lásán lọ, ohun tí àgbà máa ń wí ni pé: ọsán já, ọrun dọ̀pá.