Gílóòbù Akínbọ̀dé

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àmọ́ Akínbọ̀dé ò gbọ́ o! Bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fẹ́ mọ irú ọkùnrin tó jẹ́ kó tó fún un lọ́mọ, Akin sì ti ṣèlérí pé òun á fi mọ́tò àtijọ́ tí òun jogún gbé bàbá yí ìlú ká.

"Akin, bíréèkì yìí ti ń rì wọlẹ̀ o!" ni mẹkáníìkì rẹ̀ pariwo.

"Ta ló ń wo bíréèkì? Súìṣì ni àna mi máa rí!"

Ló bá fi odindi ọjọ́ kan tú súìṣì dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ń pààrọ̀ àwọn gílóòbù tíntìntín inú wọn tó ti jó. Nígbà tó parí, gbogbo ẹ̀ ń tàn yòò bí ojú ológbò.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé, bàbá jókòó síwájú nínú agbádá funfun. Akin ń tẹ súìṣì, bàbá ń mi orí, inú Akin ń dùn ṣìnkìn. Wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Akin tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rì wọlẹ̀ pátápátá! Mọ́tò já wọ òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ níbi tí wọ́n ti ń din gàrí, gbìì!

Kò sẹ́ni tó fara pa. Bàbá yọ èèpo kúrò nírùngbọ̀n, ó wo dáṣíbọ́ọ̀dù tó ṣì ń tàn.

"Ọmọ mi, nínú gbogbo èyí tó ń tàn yìí, èwo ló ń dá mọ́tò dúró?"

Akin dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú èèpo.

"Dìde, máa lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọmọbìnrin mi ò ní wọ ohun tí ò ní bíréèkì."