Akínfẹnwá Oníigbá àti Afárá Gbòǹgbò

Dúró níbi tí o wà, ìwọ tí ojú rẹ ń sáré lórí ìwé yìí. Jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kan ọkàn rẹ.

Ní ìgbà láéláé, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ọkọ̀ ní ìlú Ìṣàndò, igbá ńlá ni wọ́n fi ń sọdá odò Àràdà. Èrò á gbá igbá náà mọ́ àyà, òmùwẹ̀ á sì máa tì í láti ẹ̀yìn títí dé òdìkejì. Nínú gbogbo òmùwẹ̀, kò sí irú Akínfẹnwá: ọkùnrin tí ẹja ń yà fún lọ́nà, aláyà gbòòrò bí ilẹ̀kùn ààfin, ẹni tí abiyamọ ń gbé ìkókó lé lọ́wọ́ láìwẹ̀yìn. Ọlọ́run ló fún un ní agbára náà, ṣùgbọ́n ìyìn ènìyàn ló ń mu bí ẹmu.

Opó kan wà, Ẹfúntọ́lá, tí odò gbé ọkọ rẹ̀ lọ nígbà òjò, nígbà tí Akínfẹnwá fúnra rẹ̀ kò lè wọ omi. Igi ọdán kan dúró létí odò, gbòǹgbò rẹ̀ ń rọ̀ láti òkè bí irùngbọ̀n. Obìnrin yìí gbẹ́ inú ìtì ọ̀pẹ, ó tò wọ́n lé òpó ọparun lórí omi, ó sì ń tọ́ gbòǹgbò náà sínú wọn kí ó lè dàgbà lọ sí òdìkejì. Ọdún mẹ́ta ni àwọn ará ìlú fi fi í ṣẹ̀sín. Nígbà tí yóò fi di ọdún kẹsàn-án, ọmọdé ti ń rìn lórí rẹ̀ dé àárín odò. Arúgbó kan wá sọ fún Akínfẹnwá lójú gbogbo èrò pé kí ó tọ́jú igbá rẹ̀ dáadáa, nítorí láìpẹ́ òun yóò tọrọ rẹ̀ láti fi po ẹ̀kọ.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìlara ti wọ inú rẹ̀ bí ìkán ti í wọ àjà: òde ń dán, inú ń di erùpẹ̀. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n ojú onílara kì í rí ọ̀run. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti gbé èrò sọdá tán, tí ó ń dá nìkan padà bọ̀, á fa ọ̀bẹ yọ, á sì gé ṣóńṣó gbòǹgbò. Òkété ni wọ́n dá lẹ́bi.

Ní ọdún kẹtàlá, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Omi gbé òpó ọparun lọ, ó há ogójì ènìyàn mọ́ oko ní òdìkejì, ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé sì ń kéré sí i. Afárá náà ti gùn tó, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ń fì nínú omi. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ fi eyín gbé okùn tí wọ́n bá so mọ́ orí náà lúwẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n lè fà á so mọ́ igi. Gbogbo ojú yí sí Akínfẹnwá. Ìlara sì sọ fún un pé: bí afárá yìí bá dé òkè odò, ta ni yóò tún pè ọ́?

Ó rìn lọ bá opó náà, ó dọ̀bálẹ̀ fún un níwájú ìlú.

“Ẹfúntọ́lá, kì í ṣe òkété. Èmi ni mo ń gé e.”

Obìnrin náà kò gbójú sókè, okùn ló ń so. “Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀. Òkété kì í gé nǹkan gún régé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí ẹ gé ni ẹ̀ka mẹ́ta ti yọ. Ẹ wo bí ó ṣe nípọn. Ìlara yín ni ó jẹ tó fi sanra. Ẹ gba okùn.”

Ẹ wò ó, ará, bí Olúwa ti í fi ọwọ́ ọ̀tá ṣe iṣẹ́ Rẹ̀.

Ó wọ omi. Igi tí àgbàrá ń gbé bọ̀ gbá a níhà lẹ́ẹ̀mejì, kò tu okùn. Nígbà tí àwọn ará oko fi máa gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti kún ẹnu náà. Wọ́n fa afárá náà, wọ́n so ó mọ́ igi, wọ́n sì ń rìn kọjá tọmọtọmọ. Akínfẹnwá kò kọjá. Ó fẹ̀yìn ti igi, ó ń wò wọ́n, ó sì kú kí ẹni ìkẹyìn tó dé ìlú.

Orúkọ Ẹfúntọ́lá ni afárá náà ń jẹ́ títí di ìran keje, bí ó ti tọ́. Ṣùgbọ́n bí èrò bá dé ibi tí gbòǹgbò ti nípọn jù, wọ́n á fọwọ́ kàn án, wọ́n á ní, “Akínfẹnwá, o ṣeun.”

Ìwọ ńkọ́? Iṣẹ́ ta ni ìwọ ń gé ní kọ̀rọ̀? Má dúró de ìkún omi. Dìde lónìí, lọ jẹ́wọ́ fún un, kí o sì bi í léèrè ibi tí o lè bá a di iṣẹ́ náà mú.