Ajá Akínbàmí àti Ojúlé Kejì

Àwọn àgbà ní ajá kì í roro kó ṣọ́ ojúlé méjì. Ọ̀rọ̀ náà a máa rú èèyàn lójú. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ajá ní. Bí ewé bá sì jábọ́ lẹ́yìnkùlé, etí rẹ̀ ti gbọ́. Kí ló dé tí ojúlé méjì yóò fi pọ̀ jù fún un? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti Akínbàmí.

Àgbẹ̀ ni Akínbàmí, ṣùgbọ́n ajá rẹ̀ lókìkí jù ú lọ. Awẹ́ró, ìyàwó rẹ̀, ló sọ ajá náà ní Ṣetìrẹ, kí ó lè máa fi orúkọ rẹ̀ bá aládùúgbò tó bá ń yọjú wí. Òun ló ń bọ́ ọ, òun ló sì mọ èdè rẹ̀. Bí Ṣetìrẹ bá gbó lẹ́ẹ̀kan tó dákẹ́, ewúrẹ́ ló kọjá. Bí ó bá ń kùn, tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, àlejò ń bọ̀. Ògúntóyè, ẹ̀gbọ́n Awẹ́ró, mọ ìyẹn dáadáa: ó wá kí wọn lọ́dún tó kọjá, ìdajì ṣòkòtò ló wọ̀ padà sílé.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyá Awẹ́ró kú. Akínbàmí, gẹ́gẹ́ bí àna, ní láti fa àgbò lọ síbi ìsìnkú. Àgbò wà lórí ìso, ó sanra. Bí kò bá dé ọ̀hún, ojú wo ni Awẹ́ró yóò fi wo àwọn ọmọ ìyá rẹ̀?

Àsìkò náà ni ewúrẹ́ ń jẹ gbodo tí Mopélọ́lá, opó tó wà lódìkejì ọ̀nà, ń sá sórí àpáta iwájú ilé rẹ̀. Opó náà rẹwà, ó sì mọ ẹ̀rín ín rín. Akínbàmí ní kó fọkàn balẹ̀, ajá òun yóò ṣọ́ ojúlé méjèèjì. Awẹ́ró ní ibi tí ajá bá ti ń jẹun ni ọkàn rẹ̀ ń wà. Ọkọ rẹ̀ ní kí ni obìnrin mọ̀ nípa ajá.

Ṣetìrẹ ló kọ́kọ́ sọdá. Orí ẹja tí opó ń fún un kò jẹ́ kó rántí ilé mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, iṣu sọdá. Lẹ́yìn iṣu, Akínbàmí fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá nírọ̀lẹ́, ó ní òun ń lọ wo ajá. Awẹ́ró wo àgbò lórí ìso, ó mọ ẹni tó kàn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí ọkọ rẹ̀ lọ sóko, ó ránṣẹ́ pe Ògúntóyè. Ògbólógbòó ṣòkòtò ni ọkùnrin náà wọ̀ wá. Kò sẹ́ni tó gbó mọ́ ọn. Ó jókòó, ó jẹ iṣu, ó tú àgbò, ó sì fà á gba ẹnu ọ̀nà jáde. Àgbò ń ké kíkankíkan. Ṣetìrẹ kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ewúrẹ́ ló ń lé lódìkejì.

Nígbà tí Akínbàmí dé, ó káwọ́ lérí lọ sílé baálẹ̀. Ó ní olè kankan kò lè gba iwájú ajá òun kọjá. Baálẹ̀ ránṣẹ́ pe Awẹ́ró, ó wá, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi Ògúntóyè ló fà á, bàbá. Àgbò ti dé ilé òkú."

"Ògúntóyè tí Ṣetìrẹ fa ṣòkòtò rẹ̀ ya?" Akínbàmí béèrè. "Ajá kò gbó?"

"Ó gbó, baálé mi. Ọ̀dọ̀ Mopélọ́lá ló ti gbó."

Àwọn tó wà níbẹ̀ ń fẹnu pamọ́ sínú agbádá. Baálẹ̀ béèrè bóyá ajá náà kò roro mọ́ ni.

"Ó roro, bàbá. Ṣùgbọ́n ajá kì í roro kó ṣọ́ ojúlé méjì." Awẹ́ró fi etí ìró nu ojú rẹ̀, nítorí ọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ ṣì tutù. Lẹ́yìn náà ló wo ọkọ rẹ̀. "Ẹ má rò pé ajá nìkan ni mò ń bá wí."

Akínbàmí tẹ̀ lé àgbò rẹ̀ lọ síbi ìsìnkú, ó sì bá wọn sunkún dáadáa. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń pín ara rẹ̀ sí ibi méjì, tó ń lérí pé kò sí èyí tí yóò bọ́, wọn kì í bá a jà. Wọ́n á kàn wò ó lẹ́sẹ̀ dókè, wọ́n á ní: ajá kì í roro kó ṣọ́ ojúlé méjì.