Atẹ́gùn Múdàṣírù

Bí ẹ bá dé Òkè-Ayọ̀, tí ẹ rí ọkùnrin tó ń gbé àga fún gbogbo aládùúgbò, tí ìyàwó tirẹ̀ sì wà ní ìnàró, ẹ ó gbọ́ tí ẹnìkan máa sọ pé: "Ará ìta ń gbatẹ́gùn, ẹ́ńjìnnì ń hó." Ó máa ń ya àlejò lẹ́nu. Kí ló kan ẹ́ńjìnnì nínú ọ̀rọ̀ tọkọtaya? Ẹ fara balẹ̀, Múdàṣírù rewáyà ló fà á.

Múdàṣírù mọ iṣẹ́ iná ọkọ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àléébù rẹ̀ kan ni pé ìyìn a máa pa á bí ọtí. Ẹni tó bá ti pè é ní ọ̀gá àwọn ọ̀gá, ọkọ̀ onítọ̀hún ti dára nìyẹn. Pẹ́jò tirẹ̀ ńkọ́? Odindi ọdún kan ló fi ń hó lójú ọ̀nà, tí Rúkáyátù ìyàwó rẹ̀ ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi lé itan bí ọmọ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ń jáde.

Ìgbà tó yá, wọ́n fẹ́ fi ìyá Rúkáyátù jẹ Ìyá Àdínnì ní Agbélé, ìlú kejì. Nínú ẹbí wọn, àkọ́bí ló ń da ìborùn oyè lé ìyá léjìká. Bí àkọ́bí bá pẹ́, àbúrò á gbà á ṣe, ọ̀rọ̀ náà ò sì ní tán láéláé. Rúkáyátù, tó jẹ́ àkọ́bí, bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó tún ọkọ̀ yìí ṣe. Múdàṣírù ní kó fọkàn balẹ̀, fáànù oníná méjì lòun máa fi sí i, òtútù ni yóò máa mú ẹ́ńjìnnì.

Àárọ̀ ọjọ́ oyè gan-an ló tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn aládùúgbò pé lé e lórí, ọ̀kan ń béèrè nípa ọkọ̀ tirẹ̀, èkejì ń yìn ín. Ó ń dáhùn sọ́tùn-ún, ó ń rẹ́rìn-ín sósì, ọwọ́ rẹ̀ sì ń so wáyà. Báyìí ló ṣe gbé wáyà dúdú síbi tó yẹ kí pupa wà, tó gbé pupa síbi dúdú. Fáànù méjèèjì yí fìì, ṣùgbọ́n òdì ni wọ́n ń yí: dípò kí wọ́n fa atẹ́gùn láti iwájú wọlé sára ẹ́ńjìnnì, ìta ni wọ́n ń fẹ́ ẹ sí. Àwọn tó dúró níwájú ọkọ̀ gba atẹ́gùn sójú, ni wọ́n bá ń tú bọ́tìnnì ẹ̀wù, wọ́n ń ṣàdúà. Inú Múdàṣírù dùn ju ti ẹni tó fẹ́ joyè lọ.

Rúkáyátù nìkan ni kò yìn ín. "Bàbá Sàkírù, ṣé àwọn ló yẹ kí atẹ́gùn yìí máa fẹ́ sí ni, àbí ẹ́ńjìnnì?"

"Ìwọ we gèlè rẹ, Ìyá Sàkírù. Fi wáyà sílẹ̀ fún oníwáyà."

Wọn ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí màlúù fi dí títì. Bí ọkọ̀ ṣe dúró ni ooru funfun ń rú jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Múdàṣírù ṣí i, fáànù ṣì ń yí kíkankíkan. Òjò ti rin darandaran tó ni màlúù náà. Ó na aṣọ rẹ̀ tó tutù síwájú ọkọ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbẹ ẹ́, ó sì ń wúre fún baba tó ṣe irú ẹ̀rọ yìí. Ẹ gbọ́ ohun tí Múdàṣírù ṣe: ó rẹ́rìn-ín, ó ní àmín.

Inú bí Rúkáyátù débi pé ohùn rẹ̀ ò sókè rárá. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi kalẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.

"Ará ìta ń gbatẹ́gùn, ẹ́ńjìnnì ń hó."

Ó dá ọ̀kadà dúró, ó gùn ún, kò sì wẹ̀yìn. Ìgbà yẹn ni ojú ti Múdàṣírù. Ó na ọwọ́ síwájú fáànù, ó rí ibi tí atẹ́gùn ń lọ, ó sì mọ ohun tó ṣe. Ó pa ọkọ̀, ó dúró títí ẹ́ńjìnnì fi tutù, ó bomi sí i, ó pààrọ̀ wáyà méjèèjì. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Bó ṣe tanná sí i padà, fáànù fa aṣọ darandaran mọ́ iwájú ọkọ̀ pátápátá.

"Baba," ni darandaran wí, "ẹ ti bà á jẹ́."

Múdàṣírù já aṣọ fún un, ó sì wakọ̀ lọ.

Àbúrò Rúkáyátù ti na ọwọ́ sí ìborùn kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó já wọlé, ẹrẹ̀ dé orókùn, tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin béèrè ọkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló fi dá wọn lóhùn, ó ròyìn fáànù náà fún wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú. Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí Múdàṣírù dé. Àwọn àna sáré lọ dúró síwájú ọkọ̀ láti gba atẹ́gùn tí wọ́n gbọ́ ìròyìn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò rí nǹkan kan gbà, ẹ́ńjìnnì ò sì hó.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tí gbogbo ìta ń yìn, ẹ má tíì bá wọn yìn ín. Ẹ kọ́kọ́ lọ bi ará ilé rẹ̀ léèrè. Ará ìta ń gbatẹ́gùn, ẹ́ńjìnnì ń hó.