Ogún Nínú Ìwé

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Láràárọ̀, yóò fi ẹ̀rọ wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, yóò fi òmíràn wo ìba, yóò sì kọ wọ́n sílẹ̀ bó ṣe rí wọn. Èémí nìkan ni kò ní ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró ti bẹ́ẹ̀dì, kó tẹjú mọ́ àyà aláìsàn fún odindi ìṣẹ́jú kan, kó máa kà á. Ọkùnrin yìí kò ní ìṣẹ́jú kan. Ogún ló ń kọ fún gbogbo wọn, nítorí pé kò sí dókítà tí í béèrè ọ̀rọ̀ lórí ogún. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe kọ́ àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Má rò pé ènìyàn burúkú ni. Ó máa ń bá aláìsàn ṣàwàdà, ó sì mọ orúkọ àwọn ọmọ wọn.

Lọ́jọ́ kan, ìṣó gún ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Egbò náà kẹ̀, wọ́n sì gbé màmá wá sí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ní ilé ìwòsàn tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọmọ yà wò ó lẹ́yìn iṣẹ́. Ara màmá kò gbóná mọ́, inú ọmọ dùn, ó jókòó. Ó wá rí i pé àyà ìyá òun ń lọ sókè sódò bíi ti ẹni tó sáré gun òkè. Ẹ̀rù bà á. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ka èémí, ohun tí kò ṣe láti ọdún mẹ́sàn-án. Mẹ́rìndínlógójì ni.

Ó mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Májèlé egbò ti wọ ẹ̀jẹ̀ màmá. Nínú àìsàn yẹn, èémí máa ń yára kí ìfúnpá tó já wálẹ̀, òun ló sì máa ń tètè fi ẹni tó lè má là á já hàn. Ó mú ìwé tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Àná, ogún. Àárọ̀, ogún. Ọ̀sán, ogún. Dókítà ti kà á, ó sì ti kọjá lọ.

Ó pe nọ́ọ̀sì tó kọ ọ́. Ó ní, "Ṣé o ka èémí màmá mi?"

Obìnrin náà wolẹ̀. "Rárá, ọ̀gá. Bí ẹ ṣe kọ́ wa ni mo ṣe é."

Kò lè bá a wí. Ó sáré pe dókítà, wọ́n gbé oògùn àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn wá. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọkọ mi, kí ló dé tí o tẹjú mọ́ àyà mi báyìí?" Ó ń kà, ó sì ń rántí àwọn tó kú ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀, tí òun sọ fún àwọn ẹbí wọn pé ikú náà kàn ṣàdédé ni.

Èémí dé ogójì. Nígbà tó rẹ màmá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ó di ọgbọ̀n. Ó di ogún gan-an bí ìwé ṣe wí, kò sì dúró níbẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀ títí ó fi dáwọ́ dúró.

Ìwọ nọ́ọ̀sì tí mò ń bá sọ̀rọ̀, mo wo ìwé wọ́ọ̀dù rẹ láàárọ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ, ogún mẹ́jọ. N kò bínú sí ọ, ẹ̀rù ló ń bà mí. Mú aago rẹ, padà sí bẹ́ẹ̀dì kìíní, kí o kà á.