Àwẹ̀ró Eléyín Ìgbákọ

Ààlọ́ o.
Ààlọ̀.

Àlọ́ mi rọra ń bọ̀ lórí omi, kò bá ẹja jà, kò bá ọkọ̀ jà, ó gúnlẹ̀ sí ẹnu ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi ahọ́n kan ẹ̀yìn eyín iwájú yín. Ṣé ó tẹ́jú? Ti Àwẹ̀ró kò tẹ́jú. Eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ga létí, wọ́n jinnú lẹ́yìn bí ìgbákọ. Gbogbo ìlú ló ní èjí àfi òun, wọ́n á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó wá fi eyín bu ọbẹ̀ fáwọn. Ó ń dùn ún gan-an.

Ó kéré nígbà tí ìkún omi gbé ìyá rẹ̀ lọ. Ìyá kò kú, ojú rẹ̀ ló fọ́ lọ́hùn-ún. Bí ìkùukùu òwúrọ̀ bá ti bo odò, ọkọ̀ rẹ̀ á máa yọ́ lọ láti ìlú dé ìlú, á máa wá ọmọ. Àwẹ̀ró gbọ́ pé ó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ti ojú tó fọ́. Ó fẹ́ kí ìyá bá òun lẹ́wà.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ní òun mọ èjí pa, òun ò gba nǹkan kan, ìyẹ̀fun tó bá já bọ́ ti tó òun. Eyín tirẹ̀ kúrú, kò sì dán. Àwẹ̀ró gbà. Ọ̀kẹ́rẹ́ mú òkúta, ó ń ha eyín ọ̀tún láti etí dé ẹ̀yìn, hàrà, hàrà, hàrà. Ìyẹ̀fun funfun ń já bọ́, ó ń fi í ra eyín ara rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bọ́ sí ti òsì ni orin dún lójú omi. Ẹ bá mi gbè é:

Eyín tí mo fún ọmọ mi dà?
Rọra, omi, rọra.
Ó jinnú bí ìgbákọ.
Rọra, omi, rọra.
Ọwọ́ mi ni mo fi ń wá a.
Rọra, omi, rọra.

Àwẹ̀ró sáré wọnú omi, ó la ẹnu. Ìyá fi àtàǹpàkò kan ẹ̀yìn eyín ọ̀tún. Pẹrẹsẹ ló bá a. Ó fa ọwọ́ yọ.

Ó ní, “Ọmọ ọlọ́mọ nìyí. Padà sọ́dọ̀ ìyá tó bí ọ.”

Ó mú àjẹ̀, ọkọ̀ yí, orin tún bẹ̀rẹ̀:

Eyín tí mo fún ọmọ mi dà?
Rọra, omi, rọra.

Àwẹ̀ró di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹkún ń gbọ̀n ọ́n. “Màámi, ẹ dákun, ẹ fọwọ́ kan èkejì. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n ba ọ̀kan jẹ́.”

Àtàǹpàkò bọ́ sínú kòtò kékeré ẹ̀yìn eyín òsì. Ìyá jókòó wọ̀ọ̀ sínú ọkọ̀.

“Àwẹ̀ró,” ó ní, “ta ló ní kí o ha mí dànù?”

Bí wọ́n ṣe jọ padà sílé nìyẹn. Títí Àwẹ̀ró fi darúgbó, omi tútù kì í yé kan eyín ọ̀tún yẹn. Ní ti Ọ̀kẹ́rẹ́, eyín tó fi ìyẹ̀fun olóhun ra ń gùn ni, kò dúró. Ìdí tó fi ń họ ẹyìn ọ̀pẹ látàárọ̀ dalẹ́ nìyẹn, kó má baà gún un lágbọ̀n.

Èbúté àlọ́ mi nìyí. Tí mo bá parọ́, kí eyín mẹ́ta tó kù sí mi lẹ́nu máà lè họ egungun mọ́. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ká má torí yẹ̀yẹ́ ba ohun tí wọ́n bí mọ́ wa jẹ́. Òun ni ẹni tó ń wá wa yóò fi mọ̀ wá.